Ìwé ikú ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: bí a ṣe ń yàn láàárín àwọn ìwé àtijọ́ Skọ́tlándì tí ẹ bá ń wá baba ńlá yín

Ọdún méjì gbáko ni mo fi wá ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá mi àgbà. Baba ńlá ọkọ mi ni. Ọmọ Skọ́tlándì ni ọkọ mi, Glasgow la ń gbé, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì mọ oríkì ìdílé tèmi dáadáa, torí tí màmá mi bá ti pè lórí WhatsApp láàárọ̀ Sátidé, oríkì ló fi ń kí wọn, èyí àbúrò á kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Òun ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ti ìdílé dádì ńkọ́?" Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ìyá rẹ̀ tó jókòó tì wá lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ní ohun tóun mọ̀ ò ju pé erékùṣù Mull ni wọ́n ti wá, bàbá òun àgbà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn ará òkè Skọ́tlándì tó ń sọ èdè Gaelic ní irú nǹkan tiwa yìí tẹ́lẹ̀. Sloinneadh ni wọ́n ń pè é, èèyàn á ka orúkọ bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀, á máa kà á lọ sẹ́yìn láì wo ìwé kankan. Ìgbà tí wọ́n kó wá sí ìlú ńlá ni ti ìdílé ọkọ mi já. Ìwé ló kù tá a lè fi so ó padà.

Ìwé ọ̀hún wá pọ̀. Tí ẹ̀yin náà bá wà nírú ipò yìí, bóyá ẹ fẹ́ ọmọ ibẹ̀, bóyá ìyá ìyá yín ló ti ibẹ̀ wá, àbí ọ̀rẹ́ kan ló bẹ̀ yín, mo fẹ́ fi àwọn ìwé náà wéra fún yín kí ẹ má bàa náwó bí mo ṣe ná tèmi. Mi ò ní fún wọn ní àyè kan náà o, torí àwọn kan wúlò ju àwọn yòókù lọ fíìfíì.

Ọdún 1855 ni ààlà

Ẹ fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1855 sọ́kàn. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo èèyàn sílẹ̀ ní dandan ní Skọ́tlándì, ẹ̀sìn yòówù kẹ́ni náà máa ṣe. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìwé wà, ẹni tó bá sì ti kúrò nínú ìjọ náà tàbí tí kò lówó tí wọ́n ń gbà, ó lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ́ńgíláǹdì ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 1837, àwọn kan wá ń sọ pé Skọ́tlándì pẹ́. Lóòótọ́ wọ́n pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ. Ìwé ìgbéyàwó Ẹ́ńgíláǹdì láyé ìgbà yẹn, bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó nìkan ni wọ́n ń dárúkọ, kò sóhun tó kan àwọn ìyá. Ti Skọ́tlándì, bàbá àti ìyá ọkọ, bàbá àti ìyá ìyàwó, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ìwé ikú àgbàlagbà ní Ẹ́ńgíláǹdì kì í sọ ẹni tó bí òkú. Ti Skọ́tlándì ń sọ ọ́. Nítorí náà ẹni tó bá ti wá ìdílé rí ní Ẹ́ńgíláǹdì, kó má rò pé bákan náà ni, àwọn ìwé ibí yìí dáa ju tibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Mary Slessor ṣe àpẹẹrẹ, torí a kà nípa rẹ̀ nílé ìwé, ẹni tó gbèjà àwọn ìbejì ní agbègbè Calabar. Aberdeen ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1848. Ọdún 1855 ò tíì dé, ìjọba ò lè ní ìwé ìbí rẹ̀, ẹ lè fi oṣù mẹ́fà wá a níbẹ̀ ẹ ò ní rí i. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Dundee nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀, torí náà ìkànìyàn 1861 àti 1871 ní Dundee ni kéèyàn ti máa wá a. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Calabar ní 1876, Nàìjíríà ló kú sí ní 1915, kò sì sí bí ikú rẹ̀ ṣe máa wà nínú ìwé àdúgbò Dundee. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, àmọ́ ìwé tí ẹ máa lọ bá yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Kí ẹ tó sanwó kankan, ẹ kọ ọdún tẹ́ni náà gbé láyé sórí tákàdá, kí ẹ fa ìlà sí 1855, kí ẹ wo ohun tó bọ́ sí apá ọ̀tún.

Ìbí, ìgbéyàwó àbí ikú?

Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé ìbí ni wọ́n ń sáré lọ bá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ká ní wọ́n bí ẹnì kan ní 1810, ó gbéyàwó ní 1835, ó kú ní 1872. Ìbí rẹ̀ àti ìgbéyàwó rẹ̀ ti ṣáájú ààlà, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ nípa ìgbéyàwó yẹn sì lè má ju ìlà méjì lọ, pé lágbájá àti tàmẹ̀dò fẹ́ra wọn, ó tán, kò sí orúkọ òbí. Ikú rẹ̀ nìkan ló bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Ìwé ikú yẹn á wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, orúkọ ìyá rẹ̀ àti orúkọ ilé bàbá ìyá náà, á tún sọ bóyá àwọn òbí yẹn ti kú. Ìwé kan péré, ẹ ti fò kọjá 1855, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1780. Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí nìyẹn pé ìwé ikú ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà.

Ó ní ibi tó kù sí ṣá. Òkú ò lè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń ròyìn fún rẹjísírà. Ẹ yáa wo ìlà ẹni tó ròyìn kí ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n òkú ló ròyìn, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ aládùúgbò ni, tàbí òṣìṣẹ́ ilé àwọn aláìní, ẹ lè bá a pé wọn ò kọ orúkọ ìyá rárá, tàbí kí wọ́n ti fi orúkọ ìyá ìyàwó òkú sí i. Àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀, mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdílé kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n wá ìwé ikú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni náà, kí n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìwé ìgbéyàwó ló tẹ̀ lé e, ẹnu àwọn tó ń ṣègbéyàwó gan-an lọ̀rọ̀ ti wá, wọ́n mọ òbí wọn. Tí ìgbéyàwó bá bọ́ sí ẹ̀yìn 1855, kódà èmi á fi í ṣáájú ìwé ikú. Ìwé ìbí dáa fún ọjọ́ orí àti fún ibi tí wọ́n ń gbé.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an gẹ́gẹ́ bí obìnrin: ní Skọ́tlándì, orúkọ ilé bàbá obìnrin kì í pòórá. Ìwé ikú á fi í sí i, òkúta ibojì pàápàá sábà máa ń kọ ọ́, ẹ á rí i tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ, wọ́n á wá kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí i. Ẹ lè wá obìnrin kan náà lábẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ọdún kan tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀

1855 fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ọdún yòókù. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn pọ̀ débi pé iṣẹ́ náà wọ àwọn rẹjísírà lọ́rùn, nígbà tó fi máa di 1856 wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ìwé ìbí 1855 sọ ọjọ́ orí bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó àti ọdún rẹ̀, iye ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti kú. Ìwé ikú 1855 sọ ibi tí wọ́n bí òkú sí, iye ọdún tó ti gbé ládùúgbò yẹn, ẹni tó fẹ́, orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Ní 1861 wọ́n dá díẹ̀ padà: ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí padà sínú ìwé ìbí, orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó padà sínú ìwé ikú. Torí náà ẹni tó kú láàárín 1856 sí 1860, ìwé rẹ̀ ò ní sọ ẹni tó fẹ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Tí baba ńlá yín bá kú ní 1858, tí àbúrò rẹ̀ sì kú ní 1855, ìwé àbúrò ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé kì í wá sọ́kàn èèyàn láti fowó wá ẹni tí kì í ṣe baba ńlá tirẹ̀ tààrà, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n, òbí kan náà ló bí wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí tiwa. Ìkànìyàn 1861 ní Glasgow pe ọkùnrin náà ní Daniel, ó ní Argyllshire, agbègbè (káúńtì) tí Mull wà nínú rẹ̀, ni wọ́n bí i sí, orúkọ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mc, ojú mi sì ti rí orúkọ ìdílé yẹn lọ́nà mẹ́rin. Mo ra ìwé Daniel mẹ́sàn-án. Kò sí èyí tó bára mu nínú wọn, Daniel kankan ò sí ní Mull tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, mo wá ń rò ó pé bóyá irọ́ ni ọ̀rọ̀ Mull yẹn. Ìgbà tí mo padà lọ wo ìkànìyàn 1851 ni mo rí i pé arábìnrin rẹ̀ kan ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tó sì fi di 1861 obìnrin náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá ikú rẹ̀. 1855 ló kú.

Alẹ́ Ọjọ́rú kan ni mo ra ìwé yẹn, àwọn ọmọ ti sùn. Ìwé ńlá ni, ìlà pọ̀ nínú rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n láwọn ibì kan. Ibi tí wọ́n bí i sí: Kilninian and Kilmore, Mull. Iye ọdún tó ti gbé ní Glasgow: mẹ́sàn-án. Mo yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú 1855, ó kù 1846, ọdún tí àrùn kọlu pòtétò ní òkè Skọ́tlándì tí ebi lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ọmọ méjì, ọ̀kan ti kú. Bàbá: àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Mo wá wo ẹni tó ròyìn, ẹ̀gbọ́n òkú ni, kò mọ̀ ọ́n kọ, rẹjísírà ló bá a kọ orúkọ, òun fúnra rẹ̀ wá fi àmì X sáàárín. Donald ni rẹjísírà kọ. Kì í ṣe Daniel. Òun náà ni, ọkùnrin tí mo ti ń wá láti ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn lórí ìwé ikú àbúrò rẹ̀. Mo gbé ìka mi lé X yẹn lójú kọ̀ǹpútà, mo sì jí ọkọ mi.

Orúkọ tó ń yí

Dòmhnall ló ń jẹ́ ní Gaelic. Donald ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìlú ńlá, Daniel ni wọ́n ń fi sí i. Oighrig lè di Effie, Euphemia, àní Henrietta. Gilleasbuig di Archibald. Janet àti Jessie lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ní àwọn erékùṣù Shetland, títí wọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, ọmọ John á jẹ́ Johnson, bí ó bá sì bí Magnus, Magnus yẹn ló máa sọ àwọn ọmọ tirẹ̀ di Manson. Torí náà tí ẹ bá ń wá orúkọ nínú índẹ́ẹ̀sì (àkójọ orúkọ tó ń tọ́ka sí ìwé), ẹ má ṣe kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tán, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ fi àmì ìràwọ̀ parí rẹ̀, kí ẹ sì wá Mc àti Mac lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Wọ́n tún ní àṣà ìsọmọlórúkọ tó lè ràn yín lọ́wọ́: ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì ń jẹ́ orúkọ bàbá ìyá rẹ̀, ìkẹta ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, èkejì ti ìyá bàbá. Kì í ṣe òfin, kò ju ìtọ́nà lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, torí àwa náà mọ ohun tó ń jẹ́ pé bàbá padà wá sílé.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pẹ̀lú ìkànìyàn

Tí ìwé ìjọba bá ti gbé yín dé ìgbà tó ṣáájú 1855, ìwé páríìṣì, ìyẹn ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ni yóò gbà yín. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1553, ní Errol ní Perthshire, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọdún yẹn tàn yín, ní òkè àti ní àwọn erékùṣù ọ̀pọ̀ ìwé ò bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Nínú wọn, ti ìrìbọmi ló dáa jù, ó sábà ń dárúkọ bàbá àti ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyá, nígbà míì ó tún dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí tó sábà máa ń jẹ́ ẹbí. Ti ìgbéyàwó kò lóhùn púpọ̀. Ti ìsìnkú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Àlàfo wà níbẹ̀ tó nídìí. Láàárín 1783 sí 1794 ìjọba ń gba pẹ́ńsì mẹ́ta owó orí lórí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tálákà kan ò kọ ọmọ wọn sílẹ̀. Ní 1843 ìjọ Skọ́tlándì (Church of Scotland) pín sí méjì, ó ju 450 àlùfáà lọ tó jáde láti dá Free Church sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ sì bá wọn lọ, pàápàá lókè. Ọmọ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún níbẹ̀ ní 1847 kò ní sí nínú ìwé páríìṣì. Tó bá wá jẹ́ ọmọ Áyáláǹdì tó sá ebi wá sí Glasgow ni, ìwé Kátólíìkì ni kí ẹ wò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní èdè Látìn.

Ìkànìyàn wá ńkọ́? Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é, ti 1841 sì ni àkọ́kọ́ tó ní orúkọ gbogbo èèyàn kárí orílẹ̀-èdè. Tí ẹ bá fi 1841 wé 1851, bí òru àti ọ̀sán ni. Ní 1841, ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní kí wọ́n fa ọjọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ sí márùn-ún tó sún mọ́ ọn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn ò sọ bí àwọn tó wà nínú ilé ṣe jẹ́ síra wọn. Ibi tí wọ́n bí ẹni náà sí, wọn ò sọ ju bóyá inú káúńtì yẹn ni tàbí kò ṣe ibẹ̀. Láti 1851, ẹ ó rí ìyàwó, ọmọ, àbúrò, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ ó sì sábà máa rí orúkọ páríìṣì tí wọ́n bí wọn sí. Donald wa, 1841 ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, 1851 ní méjìdínlógójì, 1861 ní márùndínláàádọ́ta. Ẹ má bá ọjọ́ orí jà. Láti 1881 wọ́n tún ń béèrè ẹni tó ń sọ Gaelic, ìyẹn sì lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti òkè ni ìdílé náà ti wá, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ sọ.

Ibi tí ìkànìyàn kù sí ni pé ẹni tó sun inú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà ló ń kà. Atukọ̀, apẹja, ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n lè wà níbòmíràn. Kò sì jẹ́rìí ìyá: ìyàwó tó wà nílé ní 1861 lè má jẹ́ òun ló bí àwọn ọmọ náà.

Tí bàbá ọmọ ò bá sí nínú ìwé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dákẹ́ tí wọ́n bá débí, èmi ò fẹ́ dákẹ́. Ẹ ó rí ìwé ìbí tí àyè bàbá ṣófo, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé wọn ò bí ọmọ náà sínú ìgbéyàwó. Mi ò ní lo ọ̀rọ̀ burúkú tá a ní fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ ò ṣẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni etí ìwé náà, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé àtúnṣe wà, torí tí ìyá bá gbé bàbá lọ sílé ẹjọ́ tí adájọ́ sì dájọ́ pé òun ló ni ọmọ, ìwé àtúnṣe yẹn ni orúkọ bàbá máa wà. Tí àwọn òbí bá padà fẹ́ra wọn lẹ́yìn náà, òfin Skọ́tlándì ka ọmọ náà sí ọmọ inú ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé méjì ló kù láti yàn. Àkọ́kọ́ ni ti ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ, Kirk Session. Obìnrin tó bá lóyún láìlọ́kọ, wọ́n á pè é síwájú àwọn àgbà, wọ́n á ní kó dárúkọ ọkùnrin náà, wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkùnrin, á jẹ́wọ́ tàbí á sẹ́, akọ̀wé á máa kọ gbogbo rẹ̀. Mo ka ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà fà sí ojú ewé mẹ́ta, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sí níbòmíràn, ibẹ̀ ló wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí índẹ́ẹ̀sì orúkọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ páríìṣì àti ọdún, kí ẹ wá máa ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù márùn-ún ṣáájú ìbí ọmọ.

Èkejì ni ìwé ìrànwọ́ àwọn aláìní, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òfin 1845. Èmi fẹ́ràn eléyìí ju ti àgbà ìjọ lọ, ìdí rẹ̀ sì ni owó. Páríìṣì tí wọ́n bí èèyàn sí ló lè di dandan fún láti bọ́ ọ, torí náà òṣìṣẹ́ tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí ẹni náà sí lóòótọ́, ó ń béèrè ìgbéyàwó, òbí, ọmọ, gbogbo ibi tó ti gbé, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa gbé bíìlì ránṣẹ́ sí. Ìkànìyàn á sọ pé "Áyáláǹdì", ó tán, ìwé yìí lè sọ káúńtì àti àdúgbò. Ti Glasgow wà ní Mitchell Library, ó pọ̀ gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ má rò pé ìdílé yín ò lè tòṣì débẹ̀. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú sínú kànga èédú ní ọmọ mẹ́rin nílẹ̀, ibo ni kó lọ?

Ìwé ìpíngún wà, mo mọ̀, àmọ́ àwọn tálákà kì í sábà ní in, ẹ fi í sẹ́yìn.

Sáìtì wo?

ScotlandsPeople ni ti ìjọba, ibẹ̀ ni fọ́tò ìwé gan-an wà. Kò sí owó oṣooṣù níbẹ̀, kírẹ́díìtì ni ẹ máa rà: mo san £7.50 fún ọgbọ̀n, fọ́tò ìwé ìbí, ìgbéyàwó, ikú tàbí ìkànìyàn kan sì ń gba mẹ́fà. Ẹ lè wá índẹ́ẹ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè ka ìwé àgbà ìjọ lójú sáìtì náà láì sanwó. FamilySearch jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ní ìbí àti ìgbéyàwó púpọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ikú, ó dáa fún kíkó gbogbo ọmọ tọkọtaya kan jọ. FreeCEN jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìkànìyàn, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ ọ́, kò tíì kárí. Ancestry àti Findmypast ń gba owó déédéé, ìkànìyàn Skọ́tlándì ti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó wà lórí wọn, àdàkọ ni, kì í ṣe fọ́tò, torí náà tí Skọ́tlándì nìkan bá ni ẹ ń wá, èmi ò ní san owó wọn. Tí ìdílé bá kó lọ sí Kánádà tàbí Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, wọ́n wúlò fún irú èyí. Ẹ tún ṣí máàpù National Library of Scotland, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ orúkọ abúlé àti oko kéékèèké síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi oko àwọn Donald han ọmọ mi.

Ẹ má gbàgbọ́ igi ìdílé tí ẹlòmíràn ti tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò bá rí fọ́tò ìwé níbẹ̀. Ẹnì kan ti so Daniel míì mọ́ ìdílé wa, èèyàn mọ́kànlá sì ti dà á kọ.

Tó bá jẹ́ £7.50 péré lẹ ní

Ọgbọ̀n kírẹ́díìtì, fọ́tò márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ fi FamilySearch àti FreeCEN kó orúkọ jọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ra ìwé ikú baba ńlá yín, tó bá kú lẹ́yìn 1855. Ẹ ra ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ ra ìwé ìgbéyàwó ọmọ wọn kan kí ẹ fi wò ó bóyá orúkọ ìyá bára mu. Ẹ ra ojú ewé ìkànìyàn 1851 kí ẹ rí gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ilé náà, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó bá wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, kódà àwọn tí ẹ rò pé kò kàn yín. Ẹ wá fi owó fọ́tò karùn-ún yẹn pamọ́, ẹ má ná an, títí ẹ ó fi rí ọ̀kan nínú wọn tó kú ní 1855.